Ìgèrè Inú Yàrá Wa

Orí omi ni ilé wa wà, lọ́nà Etíkàn, ọpá ògùrọ̀ tí wọ́n tò pọ̀ ni ilẹ̀ rẹ̀. Àlàfo wà láàárín ọpá kan sí èkejì, kò sì ṣòro fún nǹkan kékeré láti gba ibẹ̀ lọ bá ẹja. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ajẹ́lẹ̀ bá kọjá, ìgbì rẹ̀ á mi ilé tìtì, ohun ìṣeré wa á sì máa bọ́ sómi. Ìyá mi kì í bá wa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

“Ohun tó bá wà nílẹ̀, ti omi ni,” ó máa ń wí.

Nítorí náà, ńṣe la máa ń fi nǹkan kọ́ sókè. Ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, fún mi ní ìgèrè ìpẹja àtijọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ ti ya, mo sì so ó mọ́ igi àjà nínú yàrá tí èmi àti àbúrò mi obìnrin ń sùn. Mo fẹ́ràn ètò ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n ní ìyá mi ni mo jọ, ìyìn kọ́ sì ni. Apá akàn gbígbẹ àti èkùrọ́ tí a fi ń ṣeré wà lẹ́nu ìgèrè, kí ọwọ́ lè tètè tó wọn. Ọmọlangidi àbúrò mi tẹ̀ lé wọn. Ní ìdí pátápátá, nínú àkísà, ni ọkọ̀ kékeré tí bàbá mi gbẹ́ fún mi wà.

Ọ̀sẹ̀ tó fẹ́ lọ pẹja lọ́nà Kamẹrúùnù ló gbẹ́ ẹ.

“Má tíì gbé e sómi o,” ó wí. “Ẹni tó gbẹ́ ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ tì í sómi. Bí mo bá dé, a ó jọ tì í.”

Àwọn tí wọ́n jọ lọ dé, òun kò dé. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nínú ilé. Èmi ní tèmi gbà pé bí ọkọ̀ náà bá ṣì gbẹ, ó di dandan kí bàbá mi wá tì í. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi.

Ìyá àgbà kò lè rí ohun tó ya kó má tún un ṣe. Ó wọ yàrá wa lọ́jọ́ kan, ó fi okùn di ibi tó ya lẹ́nu ìgèrè náà, ó bá tirẹ̀ lọ. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló wọlé tẹ̀ lé e. Ó rí apá akàn, ó rí èkùrọ́. Ìjẹ tí gbogbo wa ń lò fún ẹja nìyẹn. Ó rò pé wọ́n ti bá òun fi ìjẹ sí i ni. Ó gbé ìgèrè, ó lọ rì í sódò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló fà á jáde tòun ti ẹja àrọ̀ méjì.

“Ta ló to ìjẹ yìí?” ó bi wá. “Ọghọ́ rẹ̀ mà dáa o!” Ọwọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

Ọkọ̀ mi wà láàárín àwọn àrọ̀ náà, ó rin gbingbin. Mo ké títí ohùn mi fi há. Kì í ṣe ìbínú. Ẹ̀rù ló bà mí, nítorí mo gbà pé bàbá mi kò ní dé mọ́.

Ìyá mi mú un kúrò láàárín ẹja. Ó sá ọkọ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó fi ń yan ẹja, nígbà tó gbẹ, ó fi í kọ́ sókè ẹní tirẹ̀.

Ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi dé, ó ti rù kan eegun. Ìyá mi kúnlẹ̀ kí i bí ẹni pé abúlé kejì ló ti ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni bàbá mi rí ọkọ̀ náà. Ó mú un, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ó ti wọmi,” ó wí.

Mo sá sẹ́yìn ìyá mi.

“Ó wọmi,” ìyá mi dáhùn. “Ó tiẹ̀ rì.”

Bàbá mi yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

“Ó sì padà súlé,” ó wí.

Ìyá mi, tí kì í ṣọ̀fọ̀ ohun tó bá bọ́ sómi, jókòó sórí ilẹ̀ ọpá náà, ó sì sunkún títí ẹja tó wà lórí iná fi jóná.