Ikùn Pátákó Bàbá Mìkáílù

Ní Zogbeli títí dé Dungu nílùú Tamale, ẹni tó bá ní òun mọ Bàbá Mìkáílù káfíńtà, tí kò lè sọ ìtàn ọjọ́ tí pátákó fi í sílẹ̀ lọ, irọ́ ló ń pa.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Pápá bọ́ọ̀lù Dungu di omi, omi tí kò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Bàbá gbé pátákó eré-omi rẹ̀ dé, pátákó fẹ́lẹ́ kan tó ga dé àyà èèyàn. Ọwọ́ àwọn ọmọ etíkun ní Accra ló ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀, nígbà tó lọ kan ilẹ̀kùn níbẹ̀: wọ́n á jù ú sórí omi tín-ín-rín, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á fò lé e, yóò sì máa gbé wọn lọ wìì. Pé Tamale kò ní òkun kò dí Bàbá lọ́wọ́. “Ṣé òkun ló ń sáré ni, àbí pátákó?” ló máa ń bi èèyàn.

Ó ju pátákó náà. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó sáré, ó fò, bàbá tó ti ń gbé ọmọ-ọmọ jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan pátákó, pátákó yọ́ lọ lábẹ́ rẹ̀, òun fi ìdí jókòó sínú omi gbàà. Pátákó ń bá tirẹ̀ lọ. Ó kọjá lára ewúrẹ́, ó kọjá ilé gólù, ó lọ rọra dúró lẹ́sẹ̀ Habiba tó ń ta wààkyé, ìrẹsì ẹlẹ́wà. Bàbá nu omi lójú, ó ní, “Ṣé ẹ rí eré?”

Mumuni ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mẹkáníìkì alùpùpù ni, ọmọ Dagomba tó bá Mìkáílù dàgbà, tí kò sì jẹ́ kó gbádùn rí. “Mìkáílù, pátákó rẹ mọ ọ̀nà. Ìwọ ni kò mọ̀ ọ́n.”

“Kí n tó kú, màá gùn ún láti ilé gólù yìí dé tọ̀hún. Ẹnikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ tì mí.”

“Ẹ̀mí rẹ á gùn nìyẹn.”

Làbákẹ́, ọmọ àbúrò Bàbá tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, fi ìborùn bo ẹnu. Òun ló gbé pátákó náà relé, kò tíì mọ ohun tí ìlérí yẹn máa fi ojú ilé wọn rí.

Lójú Bàbá, gbogbo eré pátákó, ikùn rẹ̀ ló wà, ìyẹn abẹ́ rẹ̀ tó ń kan omi. “Ẹ̀yìn ni èèyàn ń rí,” ni yóò wí, “ikùn ni omi ń rí.” Òrí ló fi bẹ̀rẹ̀. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ ń ta òrí lọ́jà Central, Bàbá sì bu èyí tó funfun jù, ó fi ra ikùn pátákó títí ó fi ń kọ mànà.

“Baálé mi,” ni Àdìjátù wí, “pátákó yìí ń dán ju ẹsẹ̀ mi lọ.”

“Ẹsẹ̀ tìrẹ kì í bá ẹnikẹ́ni sá eré.”

Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ni òrí àti yanrìn pupa. Bí pátákó ṣe balẹ̀, ó kó gbogbo yanrìn pápá sí ikùn, ó sì dúró gbagidi bí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí inú ń bí. Bàbá nìkan ló ń bá ìrìn-àjò lọ, ó fi àyà lélẹ̀. Mumuni gbé e dìde. “Lọ́jọ́sí, pátákó lọ, ìwọ dúró. Lónìí, ìwọ lọ, pátákó dúró. Ó ku kí ẹ̀yin méjèèjì jọ rìn.”

Ibẹ̀ ni Bàbá ti kọ́gbọ́n. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ wẹ òrí kúrò. Ó fi ìyẹ̀fun igi tó pò mọ́ gọ́ọ̀mù dí ojú ọgbẹ́ ikùn náà. Ó rẹ sáńpépà sínú omi, ó sì ń fi ra á láti orí lọ sí ìdí, bí omi ṣe máa gbà kọjá, kì í gbà á níbùú. Èyí tó le ló kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà èyí tó kúnná bí ìyẹ̀fun. Ó wá kun fáníìṣì sí i, ó tẹ́ ẹ sí ibòji, ó kọjú ikùn rẹ̀ sókè.

Ibòji tó wù ú jù ni àga onítìmùtìmù inú pálọ̀. Ọjọ́ tí Abdul-Mumin wá tọrọ Safia, ọmọ Bàbá, fún ọmọ rẹ̀, Bàbá tẹ́ ẹní fún un sílẹ̀. “Àna mi, ẹ má bínú, aláìsàn ló wà lórí àga.”

“Subuhanallahi. Ta ni ara rẹ̀ ò yá?”

Bàbá ṣí aṣọ lórí pátákó. Abdul-Mumin wò ó, ó wo Bàbá, ó ronú nípa ìyàwó tí wọn kò tíì fún ọmọ rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè: “Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà.”

Làbákẹ́ kò ran ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó ní, “Bàbá, mo gbọ́ pé omi ilá làwọn ọmọ Dungu ń fi pa tiwọn.”

“Ọ̀rọ̀ rádaràda,” ni Bàbá wí. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, òkèlè tuo zaafi lásán ni wọ́n jẹ, kò sí ọbẹ̀ ilá níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ewúrẹ́ aládùúgbò ti lá ikùn pátákó mọ́ tónítóní. Bàbá fọwọ́ pa á lọ pa á bọ̀. “Ẹ má lé ewúrẹ́ yẹn,” ló wí.

Nígbà tó yá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀dọ́ ń gbé pátákó wọn wá. Ikùn tó bá ti kan ọwọ́ Bàbá, bí ẹyẹ ló ń fò. Bàbá nìkan ni kò tíì gùn ún kọjá pápá, orúnkún kò gbà fún un. Bí òjò bá ti dá, Mumuni á yọjú lẹ́nu ọ̀nà: “Mìkáílù, o ṣì wà láyé?”

“N kò tíì kọjá.”

“Mo ti gbàgbé. O ò lè kú.”

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, títí di ọdún tí èémí Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí kúrú. Òjò rọ̀, ó dá, Mumuni wá, ó jókòó lẹ́bàá ibùsùn, kò sì béèrè ohunkóhun. Ìyẹn ló ba Làbákẹ́ lẹ́rù.

“Làbákẹ́,” ni Bàbá wí, “lọ fọ ikùn pátákó yẹn.”

Ó fọ̀ ọ́, kò fi ṣeré. Mumuni gbé Bàbá sórí alùpùpù, Làbákẹ́ jókòó lẹ́yìn, ó fi apá kan di Bàbá mú, ó fi èkejì gbé pátákó. Kò sí ẹlòmíràn ní pápá. Bàbá kò lè sáré mọ́, nítorí náà ó jókòó sórí pátákó, ó di etí pátákó mú.

“Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ tì mí o. Eré ikùn ni mo fẹ́.”

Làbákẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ìdí pátákó. Mumuni la ẹnu, Làbákẹ́ wò ó, Mumuni pa ẹnu dé. Pátákó bẹ̀rẹ̀ sí lọ.

“Làbákẹ́, ta ló ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn mi yẹn?”

“Atẹ́gùn ni, Bàbá. Èmi wà lọ́ọ̀ọ́kán.”

Bàbá kò bojú wẹ̀yìn. “Mo sọ fún yín,” ló wí. “Ikùn ni.” Wọ́n rọra ń lọ, títí ọwọ́ Bàbá fi kan òpó gólù kejì.

Lọ́jọ́ àdúà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú rẹ̀, gbogbo ilé kún, oníkálukú ń sọ tirẹ̀, ẹ̀rín ń sọ. Abdul-Mumin ló wá béèrè pé, “Ìlérí tó ṣe ńkọ́? Ṣé ó mú un ṣẹ?” Àdìjátù gbé orí sókè. Bàbá ti sọ fún un pé òun dá kọjá ni, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Bàbá?

“Ó kọjá,” ni Làbákẹ́ wí. “Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ tì í.”

Gbogbo ojú yí sí Mumuni, ẹni tí kò jẹ́ kí irọ́ Mìkáílù kan kọjá rí. Mumuni tún fìlà rẹ̀ ṣe. “Ẹ má ní kí n búra, àdúà la wà. Ṣùgbọ́n mo wà níbẹ̀. Ojú mi ń ṣe bàìbàì o, n kò rí ọwọ́ kankan. Ohun tí mo rí ni pé eré yẹn ti pọ̀ jù fún àgbàlagbà.”

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Àdìjátù rín títí ó fi fi ìborùn bo ojú, ó sì pẹ́ kó tó ṣí i. Ó fa Làbákẹ́ mọ́ra, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

“Ẹ ṣeun tí ẹ bá mi tì í.”