Nídìí Tàtàṣé Ni Neviana Ti Kọ́ Ìtàn Kíkọ

Kí n má purọ́, ìtàn Neviana máa ń sú mi tẹ́lẹ̀. Aránṣọ ni wá ní ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà nílùú wa kékeré yìí ní Bùlùgáríà, ẹ̀gbẹ́ ara wa la sì ń jókòó sí. Lọ́dọọdún, gbọ̀ngàn ìkàwé ìlú máa ń yan ìtàn kan tí aráàlú kọ, wọ́n á kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo èèyàn. Ọdún ń lọ, ọdún ń bọ̀, wọn ò yan ti Neviana rí. Lójú mi, bí ẹni ń yín àgbàdo sẹ́yìn igbá ni. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ó búra pé bí wọn ò bá tún yan òun, òun ò ní kọ ìtàn mọ́ láyé òun.

Ọjọ́ tí a ń sun tàtàṣé lẹ́yìnkùlé ló mú ìtàn náà wá kà fún wa. Àwa obìnrin jókòó, à ń bó èèpo. Neviana bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ń wọ̀. Òkè pọ́n. Ìkùukùu kọjá. Oòrùn ṣì ń wọ̀.

Ìyá Zlata, aládùúgbò wa tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ò lè mú un mọ́ra.

"Neviana ọmọ mi, oòrùn yìí wọ̀ wọ̀ wọ̀, kò wọ̀ tán! Ṣé a ò ní rí èèyàn kankan nínú ìtàn yìí ni?"

A rẹ́rìn-ín títí. Ojú ti Neviana, àmọ́ ó ń kà á lọ. Ọkùnrin kan tó ti lọ ṣiṣẹ́ ní Jámánì láti ọjọ́ pípẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn, ó gbé búrẹ́dì àti iyọ̀ pàdé rẹ̀.

Mo ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Kí lo wí? Búrẹ́dì àti iyọ̀? Fún ọkọ ẹni?"

"Mo fẹ́ kó níyì ni," Neviana dáhùn.

"Iyì wo?" ni Ìyá Zlata wí. "Àlejò là ń gbé ìyẹn fún. Bí mo bá gbé e fún ọkọ mi, á ti mọ̀ pé ilé yìí kì í ṣe tiẹ̀ mọ́ nìyẹn."

Lójijì ni Neviana fò sókè.

"Ìyá, ẹ tún un sọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ!"

Ká tó mọ̀, ó ti da àpótí tàtàṣé délẹ̀, ó sọ ọ́ di tábìlì. Ó fa igi lé oòrùn, ó fa igi lé òkè àti ìkùukùu. Ó ní kí ìtàn bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ilẹ̀kùn dún. "Inú rẹ̀ dùn" pàápàá, ó pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà ló tún un kà. Obìnrin inú ìtàn ò sunkún, kò bú ọkọ. Ó kàn gbé búrẹ́dì àti iyọ̀ síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè mú un, kò sì lè wọlé. Orí mi wú! Tàtàṣé jóná, kò sẹ́ni tó rí i. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Wọ́n yàn án! Lọ́jọ́ tí wọ́n máa kà á, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Neviana di ọwọ́ mi mú. Bí wọ́n ṣe kà á dé ibi búrẹ́dì àti iyọ̀, ọkọ Desislava apòògùn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé, fìbínú dìde.

"Ta ló lọ sọ ọ̀rọ̀ ilé mi fún Neviana?"

Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan fún Neviana rí. Desislava ò tilẹ̀ wojú ọkọ rẹ̀.

"Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ fún gbogbo ìlú yẹn."

Ariwo sọ, àtẹ́wọ́ ń ró. Mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Neviana ti ń tú báàgì mi.

"Bírò dà? Ṣé o gbọ́ bó ṣe dá a lóhùn? Fún mi ní bírò kí n tó gbàgbé!"