Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Fi Téèpù Wọn Ilé Bàbá Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Iyere, nítorí títí di òní yìí, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi tán.

Ọdún mẹ́rin ni ọmọ mi Fúnmi fi kọ́ iṣẹ́ àkítẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń ya àwòrán ilé kí bíríkìlà tó kọ́ ọ. Ó gba dígírì, ó sìnrú ìlú tán. Ló bá tún ní òun ń padà lọ ṣe màsítà! Ó ní láìsí i, òun ò lè fọwọ́ sí pílánì ilé. Kí wá ni dígírì ọdún mẹ́rin wà fún? Ó ṣàlàyé títí. Mo kàn ń mi orí bí ọmọ tí ìṣirò ò yé.

Ilé alámọ̀ tí bàbá wa kọ́ sí Iyere ló fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá màsítà náà. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó wọn gbogbo yàrá ibẹ̀ wá láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Bí a ṣe gbéra láti Ọ̀wọ̀ ní Sátidé nìyẹn.

Fúnmi ń na téèpù, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Ìgbà tó kan yàrá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé inú ilé náà, ẹ̀gbọ́n mi ti ilẹ̀kùn, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó kọjú sí mi.

"Tíṣà, ta lo fẹ́ ta ilé Bàbá fún?"

Ẹnu yà mí! Mo ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ilé-ìwé wo, Bàbá Fúnmi? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ká bá yín dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ó ti di àkítẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ti jáde, kí ló ń wọn ògiri fún?"

Fúnmi kúnlẹ̀. Ó ń bẹ ẹ̀gbọ́n mi, tó máa ń pè ní Dádì àgbà, pé bí yàrá kan bá kù, wọn ò ní gba iṣẹ́ òun. Dádì àgbà ò wò ó.

Ìgbà náà ló yé mi pé èmi ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Èmi tí mo ti fi báírò pupa fagi lé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì! Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ọmọ ò tíì di àkítẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo yára pè é bẹ́ẹ̀.

"Ìwọ náà ò mọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, n ò mọ̀."

"Tíṣà ò mọ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Òun fúnra rẹ̀ ló di orí téèpù mú. "Kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi àti Bàbá la mọ ògiri yìí," ló ń sọ fún Fúnmi. Yàrá ò ku ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ká máa bi àwọn ọmọ wa léèrè ohun tó kù kí a tó kéde wọn, ká má sì tijú láti sọ pé a ò mọ̀.

Àmọ́ nígbà tí à ń padà bọ̀, Fúnmi tún ní lẹ́yìn màsítà, ìdánwò mìíràn ṣì wà! Ṣé ó ti ṣe ẹnikẹ́ni nínú yín bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ wá sọ tiyín. Ẹni tó bá sì mọ iye ọdún tó kù gan-an, kó jọ̀ọ́ ṣàlàyé fún mi, díẹ̀díẹ̀.