“Ẹ Pẹ̀lẹ́” Tí Mo Sọ fún Olùkọ́ Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣábẹ, nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn Faransé ṣèjọba lé lórí, n kì í bẹ̀rù ejò, n kì í sì í bẹ̀rù iwin tí wọ́n ní ó ń gbé inú àpáta. Ẹnu ara mi ni mo ń bẹ̀rù. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti là. Olùkọ́ wa wọlé, ó fa ohun kan tó so mọ́ okùn yọ nínú àpò, ó sì fi kọ́ ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó ìkọ̀wé. Àwọn tó jókòó lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín pé ọmọláńgidi ni. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo mọ ohun tó so kọ́ síbẹ̀. Ọmọ aládùúgbò wa ni.

Ẹ jẹ́ kí n là á kó yé yín. Obìnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń ta ẹ̀wà sísè lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé. Ìbejì ló bí, ọ̀kan sì kú kó tó mọ ìrìn. Wọ́n gbẹ́ ère fún un bí wọ́n ti ń ṣe nílùú wa, ère kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó kọlà, tó ní ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ó máa ń wẹ̀ ẹ́, ó máa ń fi osùn pa á lára, ó sì máa ń fi ẹ̀wà díẹ̀ kàn án lẹ́nu kó tó bu tàwọn oníbàárà. Bó bá ń tajà, inú ìró rẹ̀ ni ère náà máa ń wà, orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ síta. Kò sí ẹnì kan ládùúgbò tó yà lẹ́nu. Ìyá tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra ni.

Olùkọ́ yìí kì í ṣe ará Ṣábẹ. Mi ò ní sọ ibi tó ti wá, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láyé, ìlú wa ò sì tóbi tó ibi tí èèyàn lè fara pa mọ́ sí. Ìwé tó kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ̀ ọ́n bó bá ń rìn. Lójú rẹ̀, èdè Faransé nìkan ni èdè. Nàgó, Yorùbá tiwa tí ìyá wa fi tọ́ wa, pátúwà, èdè ará oko, ló ń pè é, ó sì ń sọ ọ́ bí ẹni tó tẹ ìgbẹ́ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú, ó kọjá níwájú obìnrin náà, ó rí orí ère, ó sì fà á yọ láìwí gbólóhùn kan. Lẹ́yìn náà ló ní ìjọba ò fẹ́ òrìṣà nítòsí ilé ìwé mọ́. Obìnrin náà gbọ́ “ìjọba,” ó sì dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máa béèrè pé kí ló dé tí kò pariwo. Ẹ ò gbé ayé ìgbà náà. Àwọn èèyàn wà tí wọ́n sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án tí a ò rí wọn mọ́.

Ère yìí ni olùkọ́ wa sọ di sìnyáàlì. Bí o bá sọ Nàgó nínú ọgbà ilé ìwé, wọn á fi kọ́ ọ lọ́rùn. O ò ní bọ́ ọ kúrò àfi bí o bá gbọ́ Nàgó lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o nawọ́ sí i, kó sì bọ́ sí ọrùn tirẹ̀. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo ìparí bá lù yóò jẹgba, yóò sì gbé e lọ sílé di ọjọ́ kejì. Ẹ wo ọgbọ́n àgbàlagbà. Kò ná an ní nǹkan kan, ó sì sọ ogójì ọmọdé di amí ara wọn. Ọ̀rẹ́ á tẹ ọ̀rẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè ké “yéè.” Ẹ̀gbọ́n á lúgọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kó lè gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń kọ lórin. Èmi kúkú dákẹ́ ní tèmi. Láàárín ọgbà yẹn, mo di odi.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ tí olùkọ́ wa ò mọ̀. Ọjọ́ kìíní tí ọmọ kan gbé sìnyáàlì jáde lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin ẹlẹ́wà náà pè é. Kò bá a jà. Ó ní, “Wá, ọmọ mi, ẹ ò tíì jẹun.” Ọmọ náà àti ère náà ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi ẹ̀wà kan ère lẹ́nu, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí ìró, ó wá bu abọ́ kan kíkún fún ọmọ tó gbé e, ó sì da epo lé e lórí. Bó ti ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ebi ti kọ́ àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa lọ́gbọ́n. Bó bá ku díẹ̀ kí agogo ìparí lù, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo Nàgó létí ẹni tó gbé e.

“Gbọ́ mi o, Nàgó ni mò ń sọ yìí.”

“Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Àná lo jẹ ẹ̀wà, tèmi ni tòní.”

Olùkọ́ wa ń wò wọ́n, kò mọ ìdí rẹ̀. Ó gbé láàárín wa fún ọdún méjì, kò bi ẹnikẹ́ni rí pé kí ni igi tó fi ń fìyà jẹ wá. Ohun tó mọ̀ ni pé ẹ̀rù ò bà wá mọ́, ó sì wá ẹ̀rù tó tóbi jù. Ó ní ẹni tí sìnyáàlì bá wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, òun ò ní fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdánwò sẹ̀tìfíkà tí a fi ń jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi ti sọ tèmi fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: bí mi ò bá rí sẹ̀tìfíkà, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní abúlé Okpara ni mo ń lọ, kí n lọ máa bó ẹ̀gẹ́ títí wọn ó fi rí ọkọ fún mi.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Mi ò la ẹnu láti àárọ̀. Ó ku díẹ̀ kí agogo lù, olùkọ́ wa ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀ láti ìdí pátákó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ etí pèpéle, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Ẹnu mi ò dúró bi mí.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Mùsíé.”

Ó dìde, eruku funfun bo orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó béèrè ẹni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ tí sìnyáàlì wà lọ́rùn rẹ̀, tí a jọ ń jókòó lórí àga kan, nawọ́ sí mi kí ó tó bi í tán. Olùkọ́ wá bi mí lédè Faransé bóyá èmi ni mo tì í. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé tí mo wá ń tọrọ àforíjì? Títí di òní, mo ń wá ọ̀rọ̀ Faransé tó dọ́gba pẹ̀lú pẹ̀lẹ́, mi ò tíì rí i. Èyí tí wọ́n ní, ẹlẹ́ṣẹ̀ ló ń sọ ọ́. Pẹ̀lẹ́ kò wá ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tó dùn ọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, ó tán. Ọkùnrin yìí ṣubú, ọmọdé bá a dárò, ó sì gbé ère kọ́ ọmọ náà lọ́rùn nítorí rẹ̀.

Mo délé, ìyá mi wo ọrùn mi. “Kí lo sọ?”

“Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́.”

“Ṣé ó ṣubú ni?”

“Ó ṣubú, Ìyá.”

“Kí ló wá fẹ́ kí o sọ? Kí o ní ó kú iṣẹ́?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún sunkún. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Àìkú ó ti ní kí n di ẹrù mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bí mo ti gbé ère náà padà dé kíláàsì, alábòójútó ilé ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba dé láìròtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òyìnbó obìnrin kan tó ń rìn káàkiri ilẹ̀ wa wo iṣẹ́ ọnà. Obìnrin náà kọjá lára gbogbo wa, ó wá dúró níwájú mi. Ó gbé ère náà lé àtẹ́lẹwọ́ láìbọ́ ọ lọ́rùn mi. Ó ní kí àwọn èèyàn wo bí imú rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ parẹ́, pé kì í ṣe agbẹ́gilére ló ṣe bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tó ń wẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́ ni. Ó ní nílùú tòun, inú gíláàsì ni wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí.

Ẹ bá mi wo olùkọ́ wa. Ojú kan náà tó fi ní ìjọba ò fẹ́ òrìṣà ló fi rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Màdáàmù. A fi ń kọ́ wọn ní àṣà àwọn baba wọn ni.” Mo ti rí irọ́ púpọ̀ láti ìgbà náà, mi ò tíì rí èyí tó yára wọ aṣọ tó bẹ́ẹ̀.

Òyìnbó náà ní kí n sọ nípa ère náà lédè mi, òun fẹ́ gbọ́ bó ti ń dún. Mo wo olùkọ́. Ó ní, “Sọ̀rọ̀, ọmọ mi.” Kò pè mí lọ́mọ rẹ̀ rí. Mo rò pé ìdẹ ni, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Alábòójútó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí lójú, ó bi mí pé kí ló ń ṣe mí. Mo fi Faransé dá a lóhùn, nítorí èdè yẹn nìkan ni kò léwu. Mo ní bí mo bá sọ Nàgó, wọn ò ní fi orúkọ mi ránṣẹ́ fún sẹ̀tìfíkà, pé wọ́n tilẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò, nítorí mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ní ọmọ ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà ló wà lọ́rùn mi yìí.

Alábòójútó kò bínú lójú wa. Èèyàn ìjọba ni, òun náà ń ṣọ́ra. Ó kàn ní kí olùkọ́ mú ìwé orúkọ wá, kó sì kọ tèmi sí i níṣojú òun. Olùkọ́ kọ ọ́, ó sì ṣi í kọ, ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe obìnrin ẹlẹ́wà. Òyìnbó náà ti ń béèrè bóyá òun lè mú ère náà lọ. Obìnrin náà kò gbọ́ ohun tó sọ, kò sì béèrè. Ó bọ́ ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́rùn mi, ó já okùn náà, ó fi ọmọ rẹ̀ sínú ìró, ó kí alábòójútó, ó kí òyìnbó, ó kí gbogbo àwa ọmọdé, ó sì gba iwájú olùkọ́ kọjá bí ẹni tó kọjá lára ògiri. Ẹni tó bá mọ Ṣábẹ mọ ohun tí èyí jẹ́. A máa ń kí ẹni tí a bá ń bá ṣẹjọ́ pàápàá.

Ayé ti yí padà, wọ́n ní. Olùkọ́ yẹn di àgbà, ó fẹ̀yìn tì, ó sì wá di ẹni tí wọ́n ń pè síbi ìpàdé kó wá sọ̀rọ̀ lórí àṣà wa, pẹ̀lú fìlà lórí. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè nípa ère náà, èmi náà ò bi í, mo jókòó sẹ́yìn mo ń wo bàtà mi. Àwọn òbí òde òní ò tilẹ̀ nílò sìnyáàlì mọ́. Àwọn fúnra wọn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá wọn. Mo rí ìyá kan láìpẹ́ tí ọmọ rẹ̀ já bọ́ lórí alùpùpù, tí àbúrò ọmọ náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán tó ń wí pé “désolé,” èyí tí ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń tọrọ àforíjì. Ìyá náà yíjú sí mi, ó ń yangàn pé ọmọ òun ò gbọ́ Nàgó rárá.

Ẹ̀rù tèmi kò tán lọ́jọ́ tí wọ́n kọ orúkọ mi. Olùkọ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú pàṣán rẹ̀ àti ojú tó fi ń wò mí. Ọjọ́ tí èsì ìdánwò dé ló tán. Wọ́n pe orúkọ mi lágbàlá, bàbá mi sì ní kí n tú ẹrù Okpara. Olùkọ́ wá na ọwọ́ sí mi láti bá mi yọ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un bó ti tọ́, mo dìde, mo gba ẹ̀yìn ilé ìwé gun orí àpáta lọ. Oòrùn ti mú òkúta gbóná. Mo jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohun tí mo bá rí ní orúkọ rẹ̀ ní Nàgó, sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan: òkúta, èèrà, alángbá, igi kájú, èéfín, ọ̀nà, ọ̀run. Mo pè wọ́n títí ohùn mi fi há.