Ọjọ́ Tí Mo Gbé Ẹja Díndín Lọ Síbi Ìwọ́de Ẹja

Lọ́dún tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí wọ́n ń dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró ní Downtown, àárín ìlú, lójoojúmọ́, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Bùnmi ọmọ mi, ìyá rẹ, náà, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Tọ́pẹ́, kọ ọ́ bí mo ṣe ń wí i. Má bá mi tún un ṣe.

Abbeydale là ń gbé, nílùú òyìnbó níbí. Rósì, aládùúgbò wa, wà lára àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí òyìnbó tó dé. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, Bùnmi ló ń túmọ̀. Ìjọba àti ẹ̀yà Rósì ti jọ fọwọ́ sí ìwé pé ìjọba á máa sin ọmọ ẹja, á máa dà á sínú odò ẹ̀yà rẹ̀ tí ẹja ti tán níbẹ̀. Títí ẹja á fi kún odò náà, ẹ̀yà Rósì ò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Ó yé mi. Ní Ìlàjẹ, bí ẹja bá ń yé ẹyin, bàbá mi a ta màrìwò sẹ́nu odò, ẹnikẹ́ni ò ní ju àwọ̀n.

Àfi bí ìjọba ṣe ní owó epo ti já, àwọn ò lè sin ẹja mọ́. Rósì ní ká lọ wọ́de níwájú ọ́fíìsì wọn.

Bùnmi ní, “Màmá, epo ló ń bọ́ wa o. Bí wọ́n bá rí mi níbẹ̀, ta ló máa gbà mí síṣẹ́?”

Mo ní, “Epo tó ń bọ́ ẹ dà báyìí?”

Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Èèyàn kì í fọwọ́ òfo lọ bá ẹni tó ń jà. Mo dín ẹja Titus, ó kún kúlà kan. Snow ń bọ́, ebi ń pa àwọn èèyàn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ọ̀gá kan sọ̀ kalẹ̀ láti ọ́fíìsì, ó wo ọwọ́ wa, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ ní ẹja ti tán. Kí lẹ wá ń jẹ?”

Àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò. Bùnmi ń pariwo pé ẹja ṣọ́ọ̀bù ni. Ta ló gbọ́? Rósì gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi, ó gé e jẹ lójú ọkùnrin náà.

“Ẹja òkun ẹlòmíràn nìyí. Ẹja odò tèmi dà?”

Ọkùnrin náà ti ń wọlé padà.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi àti ẹja ló wà nínú ìwé ìròyìn. Mo lọ bẹ Rósì. Ó gbọn orí. Bùnmi túmọ̀: “Ó ní wọ́n ti pinnu kí ẹ tó gbé agbada kaná.”

Kí la jèrè? Ìjọba kọ lẹ́tà pé ó dun àwọn. Kòtò omi tí wọ́n fi ń sin ọmọ ẹja gbẹ, koríko hù níbẹ̀. Owó epo gòkè padà. Kò sẹ́ni tó rántí ẹja. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì la wà níbẹ̀ o, ó sì wọ́.

Nígbà tí Rósì kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ní kí n wá dín ẹja. Ọmọ ọmọ rẹ̀ kékeré kan ń lá ìka, ó bi mí bóyá bí ẹja odò àwọn ṣe ń dùn nìyẹn. Bùnmi túmọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì ń wo ẹnu mi.

Èmi náà ò tọ́ ẹja odò wọn wò rí.