Ọwọ́ Lavelle ní Etí Pápá

Ọkọ mi, Lavelle Pruitt, kì í ṣe èèyàn ńlá. Bọ́ọ̀sì iléèwé ló ń wà ní Harmon Creek, ní Texas níbí, ó sì wà lára àwọn tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní bọ́ọ̀lù tiwa, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́yà sáré tàbí kí wọ́n fọwọ́ jù ú síra wọn. Òun ló ń pàṣẹ bí wọ́n ṣe máa jù ú. Òun ló ní kí àwọn ọmọ má ṣùjọ sójú kan mọ́, kí wọ́n tú ká dé etí pápá lọ́tùn-ún lósì, kí àwọn alátakò tó ń dínà náà lè tú ká, kí àlàfo sì yọ. Mo fi í yangàn nígbà náà, mo ṣì ń fi í yangàn.

Nígbà tí àrùn ọ̀fun gba ohùn rẹ̀, Burl Stovall, ọ̀gá àwọn kóòṣì, wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa.

"Lavelle, ẹni tí ò lè pariwo, báwo ló ṣe máa pàṣẹ? Ẹ jẹ́ ká kúkú gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà ká máa sáré bíi tàwọn baba wa."

Èmi ni mo dá a lóhùn. "Burl, ṣebí àwọn baba yín náà ni àwọn ará ìlú Tolliver ń nà lọ́dọọdún."

Ó rẹ́rìn-ín tipátipá. "Ó dáa. Lọ́jọ́ Jímọ̀ a máa pàdé Tolliver. Tí ọ̀nà tiẹ̀ yìí ò bá bọ́ sí i, kí Lavelle wá jókòó tì ẹ́ nílé."

Ìdí tábìlì oúnjẹ lèmi àti ẹ̀ ti dá àmì ọwọ́ sílẹ̀ tó máa rọ́pò ohùn ẹ̀. Tó bá fọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun, kí wọ́n jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má jìnnà. Tó bá ṣe bí ẹni tó ń fún aṣọ, kí wọ́n jù ú sáàárín. Bí ẹni tó ń sá aṣọ sórí okùn, ó di ọ̀nà jíjìn nìyẹn. Àwọn ọmọ fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí, àmọ́ wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ohun tí a ò rò ni Ozella, àbúrò Lavelle tó fẹ́ ará Tolliver. Ó wá jẹ adìẹ díndín mi lọ́jọ́ Àìkú, ó rí wa tá à ń fi àmì náà dánra wò, ó sì gbé e lọ sílé ọkọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ náà, nígbà tó di apá kejì eré, bí Lavelle bá ti gbọ́wọ́ sókè báyìí, ariwo á sọ láàárín àwọn ará Tolliver: "Ó tún ń po ìyẹ̀fun o! Ìyàwó ilé, búrẹ́dì ẹ ti jóná!" Àwọn tó ń dínà á sì ti sáré lọ síbẹ̀ dè wá.

Eré ń parí lọ, wọ́n fi díẹ̀ ṣáájú wa. Burl di ìgúnpá ọkọ mi mú. "Ó tó gẹ́ẹ́, Lavelle. Ká sáré."

Lavelle mi orí. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò.

Cordell Mayes, ọmọ tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wa, wò ó láti àárín pápá, ó ń retí àmì. Lavelle ò ṣe ju pé ó fi àgbọ̀n júwe àwọn tó ń dínà: wò wọ́n fúnra ẹ. Ohun tó fi gbogbo ìgbà ooru kọ́ ọ nìyẹn, pé ibi tí èèyàn ò sí ni kó máa wá. Ọmọ náà yíjú. Àwọn Tolliver ti rọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń dúró de ìyẹ̀fun. Àárín ṣófo. Ó sọ̀rọ̀ sáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó jù ú síbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn hán an, ó sì gbé e sáré kọjá ìlà ìparí, bí a ṣe borí nìyẹn.

"Ta ló pàṣẹ ìyẹn?" ni Burl bi í.

Lavelle nàka sí Cordell.

Nígbà tí a fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì, Burl wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi. "Lavelle, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, báwo la ṣe máa bẹ̀rẹ̀?"

Títí ikú fi mú un lóṣù Kejì tó kọjá, kò sẹ́ni tó tún bi í bóyá á lè pàṣẹ.