Ọjọ́ Tí Ìjàpá Wọ Gọ́tà Wa

Tí òjò bá ti ń bọ̀, ojú fèrèsé ni sílípáàsì màámi máa ń wà. Bíi ọdún mẹ́fà la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á bọ́ ọ lẹ́sẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì àti awò ojú wọn, torí wọ́n mọ̀ pé omi ń bọ̀ wá bá wọn nínú yàrá. Ilé mi ni mò ń sọ o, pẹ́tẹ́ẹ̀sì kékeré tí mo fi owó pákó kọ́ ní Ìgándò. Èmi ń gbé òkè, màámi ń gbé ìsàlẹ̀, torí orúnkún wọn ò gba àtẹ̀gùn mọ́. Ká má tan ara wa, ojú máa ń tì mí. Odindi èmi, kí n kọ́lé tán kí ìyá mi máa wo omi lórí bẹ́ẹ̀dì.

Pákó ni mò ń tà, ní ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé mi kì í gba ìgbàkugbà. Pákó yòówù tó bá wọ ìsọ̀ mi, ọ̀dà pupa ni mo máa fi kun orí ẹ̀, kí bíríkìlà kan má baà gbé e kó ní tòun ni. Bí mo bá rí ọ̀dà yẹn láti ojú títì, mo ti mọ ohun tó jẹ́ tèmi.

Òjò ìsinsìnyí kì í ṣe òjò àtijọ́. Nígbà tí mo kó dé àdúgbò yìí, á rọ̀, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, oòrùn á kọ́kọ́ jó wa gbẹ, òjò á wá da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ń bínú. Àwọn tó mọ̀wé ní ojú ọjọ́ ló ń yí padà kárí ayé. Èmi ò bá wọn jiyàn, yàrá màámi ti sọ fún mi ṣáájú wọn.

Lẹ́yìn òjò ọdún tó ṣáájú ọdún tí Ìjàpá wọ gọ́tà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá láti Abẹ́òkúta. Ó rí ìlà tí omi fà sára ògiri, ó ga dé mátírẹ́ẹ̀sì. Kò pariwo. Ó kàn wò mí, ó ní, "Tí omi bá tún wọ yàrá yìí lọ́dún tó ń bọ̀, màmá ń bá mi lọ. Mi ò ní bi ẹ́ léèrè." Màámi gbọ́. Nígbà tó lọ tán, wọ́n ní, "Ta ni mo mọ̀ ní Abẹ́òkúta? Ṣọ́ọ̀ṣì mi nìyí, ọ̀rẹ́ mi nìyí, ọmọ mi nìyí." Èmi náà ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ta ni màá máa bá jà láàárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà?

Ẹni tí mo di ẹ̀bi rù ni Àlájì tó ń ta píọ́ wọ́tà nílé kejì sí tèmi. Ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gọ́tà ti ń ṣàn wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀rá píọ́ wọ́tà sì máa ń bá omi wá. Kí ni mo tún fẹ́ wádìí? Mo fẹjọ́ rẹ̀ sùn ní ìpàdé lándílọ́ọ̀dù títí tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti dìde, akọ̀wé á ti ṣí ojú ìwé tuntun. Ọdún méjì la ò fi kí ara wa. Tó bá ń bọ̀ lápá ọ̀tún, èmi á gba apá òsì.

Ayálégbé mi kan wà, obìnrin, tísà ni ní ilé ìwé girama kan lápá Ẹ̀gbẹ́dá. Nínú yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ilé ló ti ṣe ẹ̀rọ kan láti inú ohun tí àwọn èèyàn jù nù: abọ́ ike tó dojú dé, ẹ́ńjìnnì wáípà mọ́tò méjì, táyà kékeré mẹ́rin, bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń gba iná lára oòrùn, àti kámẹ́rà fóònù tó ti fọ́ pẹ̀lú iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní rọ́bọ́ọ̀tì ni. Màámi wò ó títí, wọ́n ní ìjàpá ni. Bí orúkọ ẹ̀ ṣe di Ìjàpá nìyẹn.

Tísà wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Mà, gọ́tà yìí, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti dí kí òjò tó dé. Ìjàpá lè wọ abẹ́ sílábù yín lọ wò ó." Mo ní ṣé ó fẹ́ fi nǹkan ìṣeré pa mí lẹ́rìn-ín ni. Sílábù ọ̀hún, kọnkéré tí mo dà bo gọ́tà, gùn láti géètì mi dé ìkóríta, torí mo fẹ́ ibi tí ọkọ̀ á máa dúró sí. Kò sí ẹni tó lè rá wọ abẹ́ rẹ̀ láyọ̀ kó jáde láyọ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó máa ń kó gọ́tà wa, ibi tí sílábù bẹ̀rẹ̀ sí ni ṣọ́bìrì ẹ̀ máa ń dúró.

Nígbà tí mo rántí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tí mo sì gbà, ọmọ yìí tún kó òfin jáde. Ó ní òun ò ní ti Ìjàpá wọ inú gọ́tà láìsọ fún gbogbo ilé tí gọ́tà ń gbà kọjá. Ó ní kámẹ́rà ò ní wo inú ọgbà ẹnì kankan. Ó ní ọ̀gbẹ́ni tó ń kó gọ́tà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kó sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀ pé, torí òun ò ṣe ẹ̀rọ láti gba oúnjẹ lẹ́nu èèyàn. Inú bí mi. Mo ní gọ́tà mi ni, jàre. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, omi kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo." Ó wá ní ohun tí Ìjàpá bá rí, gbogbo wa la jọ máa wò ó.

Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn mọ́ mi nínú. Ẹ wo inú mi bó ṣe burú tó. Mo ti ń rí Àlájì lójú inú mi, tí ọ̀rá rẹ̀ jókòó pitimu lójú kọ̀ǹpútà, tí gbogbo àdúgbò ń wò ó. Èmi fúnra mi ni mo lọ láti ilé dé ilé láti pè wọ́n. Mo gbé àga síta, mo ra mínírà. Mo tiẹ̀ rán èèyàn sí Àlájì lẹ́ẹ̀mejì kó má baà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọ̀sán Sátidé ni. Oòrùn mú. Tísà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí àpótí lábẹ́ agboòrùn, wáyà gígùn kan so ó mọ́ Ìjàpá. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kó gọ́tà dúró lókèèrè, ó di apá pọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀rọ yìí ò ní gbaṣẹ́ mi?" Tísà ní, "Kò lọ́wọ́, sà. Ojú nìkan ló ní. Ẹ̀yin lẹ mọ gọ́tà, ẹ wá fọ̀nà hàn án." Ọkùnrin náà rọ apá sílẹ̀. Ó júwe ibi tí ìgò fífọ́ wà, ó sì gba okùn tí wọ́n so mọ́ ìdí Ìjàpá.

Ìjàpá wọlé. Iná ẹ̀ ń tàn lára ògiri gọ́tà, gbogbo wa kóra jọ sójú kọ̀ǹpútà. A rí yanrìn. A rí ọ̀rá píọ́ wọ́tà kan, méjì. Mo wo Àlájì, mo wúkọ́. Ìjàpá tún rìn síwájú díẹ̀, ó dúró. Nǹkan kan dábùú ọ̀nà, òmíì dúró lóòró nísàlẹ̀ ẹ̀, ìdọ̀tí dì mọ́ wọn lára bí ògiri. Ọ̀gbẹ́ni tó di okùn mú ní, "Pákó ni." Tísà yí iná sí i. Orí pákó náà pupa fòò.

Àlájì tẹríba wo ojú kọ̀ǹpútà dáadáa, ó nàró, ó wá wo ojú mi. Ì bá sàn kó bú mi.

Gbogbo ẹ̀ padà wá sí mi lórí níbi tí mo dúró sí. Nígbà tí a da kọnkéré sílábù yẹn, bíríkìlà ní ká dúró kó gbẹ dáadáa, ká yọ pákó àti ọ̀pá tó gbé e dúró. Mo ní kò sáàyè, kó dí ẹnu ẹ̀ kó máa lọ. Èmi tí mi ò lè fi pákó kan sílẹ̀ fún bíríkìlà, mo fi bíi mẹ́wàá sílẹ̀ nínú gọ́tà. Mo ní, "Ta ló máa rí i?" Màámi wà lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, wọ́n ní, "Yọ pákó ẹ." Mo ní kí bíríkìlà máa dí i lọ.

Ojú fèrèsé yẹn náà ni wọ́n tún wà ní Sátidé yìí. Ohùn wọn jáde wá, "Kí ni ìjàpá rí?"

Gbogbo ojú bọ́ sára mi. Mo lè sọ pé bíríkìlà ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi, ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí ìlà ara ògiri yẹn, mo rántí Abẹ́òkúta. Mo ní, "Pákó mi ni, màámi. Èmi ni mo dí ọ̀nà omi."

Mo yíjú sí Àlájì, mo kúnlẹ̀ sórí sílábù tó gbóná yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bà mí lọ́kàn jẹ́. Ọ̀rá tèmi náà wà níbẹ̀, mo rí i." Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó ti gbé àpò ńlá kan sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ fún ọ̀rá. Mínírà ọjọ́ náà, òun ni mo kọ́kọ́ fún.

Mo ní kí wọ́n fọ́ gbogbo sílábù náà kúrò. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kó gọ́tà ní rárá, Ìjàpá ti fi ojú ibẹ̀ han òun. Ó fi okùn wọn ibi tí Ìjàpá dúró sí, ó fi ẹfun fa ìlà, ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fọ́. Wọ́n fa pákó mi jáde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ti dúdú, wọ́n ń rùn, ṣùgbọ́n ọ̀dà pupa ò ṣí kúrò lórí wọn. Wọ́n wá ṣe ìdérí sójú ibẹ̀, èyí tó ṣeé ṣí nígbàkugbà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Títí di òní, ọ̀gbẹ́ni náà àti Tísà ló jọ ń gbé Ìjàpá kiri, wọ́n ti dé Ìdìmú, wọ́n ti dé Ẹ̀gbẹ́dá. Tí ọkùnrin náà ò bá tíì wo gọ́tà kó ní ó dáa, Tísà ò ní tan ẹ̀rọ.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́rú kan. Ọ̀run ṣú, ó sì ya lulẹ̀. Mo sáré kúrò ní ìsọ̀, mo wọ yàrá màámi, mo gbé korobá dání. Wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ wọn lórí. Fóònù dún, ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ní, "Òjò ń rọ̀ níbí. Tiyín ńkọ́?" Mo ní kó dúró. A ń gbọ́ omi nínú gọ́tà, ó ń sáré, ó ń hó, ó ń kọjá lọ. Mo wo ẹnu ọ̀nà. Mo wo ilẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ tẹ ilẹ̀, ó gbẹ táútáú. Ẹkún àti ẹ̀rín gbá mi mú lẹ́ẹ̀kan.

Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Má wulẹ̀ tún yàrá kankan ṣe. Tó o bá fẹ́ rí mi, wá kí mi nílé mi."

Wọ́n wá nawọ́ sójú fèrèsé, wọ́n mú sílípáàsì wọn, wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀ fún àwọn. Mo kúnlẹ̀ láti gbé e. Wọ́n fara tẹ̀ sọ́dọ̀ mi díẹ̀, wọ́n ní, "Mo sọ fún ẹ nígbà yẹn pé kó o yọ pákó ẹ."

Mo ní, "Ẹ sọ ọ́, mà." Mo to bàtà náà sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ibẹ̀ ló sì wà títí òjò ọdún náà fi parí.